Ìròyìn Aago Mẹ́jọ

Rédíò bàbá mi ni mo gbé lọ sí kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà,
èyí tí a fi rọ́bà de bátìrì mọ́ nídìí.
Ọ̀gá ilé-ìwé rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mi orí:
"Tíṣà, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ tún fẹ́ gbọ́?"

Ìpínyà Àdàlù ni ìwé ìlànà ní kí n kọ́ wọn,
iyọ̀ àti iyanrìn nínú àwo kan.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń da iyọ̀ pọ̀ mọ́ iyanrìn ní Iléṣà yìí,
ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń yán lójú mi.

Aago mẹ́jọ lù. Ohùn obìnrin kan jáde láàárín ariwo:
odò tó ṣàn gba ẹ̀yìn Ìrójò ti pọ́n bíi tíì oníwàrà;
kí ará ìlú má ṣe bù ú mu;
a ò tíì mọ ohun tó fà á.
Mo pa rédíò. Mo mú ṣọ́ọ̀kì,
mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: A Ò TÍÌ MỌ̀.
Mo ní, ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

"Òjò ni," ni Rópò wí, kò tilẹ̀ nàwọ́.
Ìgbà wo lòjò rọ̀ kẹ́yìn?
Wọ́n wo ara wọn. Ọyẹ́ ti la gbogbo wọn létè.
Fẹ̀hìntọ́lá dìde: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyá mi ti ń sá láfún,
a ò tíì sáré kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan."
Ẹ̀rí nìyẹn.
Mo kọ láfún sábẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin inú rédíò,
mo sì fi ìlà pa òjò rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìgò mẹ́rin dé orí tábìlì,
ọ̀kan láti apá òkè odò, níbi tí omi ṣì tòrò,
mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà.
A jẹ́ kó sinmi. A fi rúlà wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀.
A ju álọ́ọ̀mù sí i, a fi síńgílẹ́ẹ̀tì funfun sẹ́ ẹ,
omi náà sì tòrò, bí ìgbà tí ẹni tó ń bínú bá rẹ́rìn-ín.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó mọ́! Ó ti mọ́!
Rópò ti ń wá ife kiri.

Ìgbà náà ni Ìbíyẹmí nàwọ́,
ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí rédíò ti sọ̀rọ̀:
"Bàbá mi wà lára àwọn tó ń wa wúrà.
Ohun kan wà tí wọ́n máa ń dà sínú ọpọ́n,
ó ń dán bíi fàdákà, ó ń sáré bí omi.
Tíṣà, ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì gba ìyẹn náà dúró?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Rópò gbé ife sílẹ̀.
Mo mọ ìdáhùn; mo sì mọ ilé tí ìdáhùn náà ń lọ.
Rárá, ni mo wí. Èyí tó wọnú omi tí ojú ò rí, aṣọ ò lè mú un.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fi rúlà fàlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì,
amọ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn títí dé orúnkún.
Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ pọ̀ lẹ́nu.
Ó na ìgò kan sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.
"Kànga ilé wa nìyí. Ó mọ́ lójú.
Ọmọ mi ní mímọ́ lójú kì í ṣe ẹ̀rí."

N ò ní ẹ̀rọ tó lè wò ó.
Mo kọ lẹ́tà sí yàrá àyẹ̀wò kan ní Ilé-Ifẹ̀,
gbogbo kíláàsì fọwọ́ sí i, mọ́kàndínlógójì,
Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ gba bírò.

Rédíò ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ odò; owó epo ló ń sọ báyìí.
Ìgò náà wà lójú fèrèsé, déètì lára rẹ̀, à ń dúró.
Ọmọ tó ń nu pátákó láràárọ̀ máa ń nu ún dé etí,
ṣùgbọ́n ó máa ń fo ibi tí a kọ A ò tíì mọ̀ sí.