Ẹ̀yìn Fọ́ọ̀mù

Aago mẹ́ta òru ní Grimsby,
atẹ́gùn òkun ń fi èékánná ha fèrèsé.
Mo ti yí Doreen sápá òsì,
mo ti kọ iye omi tó mu sínú fọ́ọ̀mù,
mo wá dojú fọ́ọ̀mù délẹ̀,
mo fi bírò dúdú ya ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe di etí bùláńkẹ́ẹ̀tì mú.

N kò sọ fún ẹnì kan.
Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Ìkirè,
mo ya ẹyẹ, tíṣà ya ìwé:
ó ní ẹyẹ kì í yege ìdánwò.
Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi ti ń gbé inú àpò.

Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hallam ò sùn.
Apẹja ni nígbà ayé okun rẹ̀,
okùn àwọ̀n ti gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú omi.
Ó na ìyókù sí mi lábẹ́ iná.
"Ya tèmi."

Àánú ṣe mí, mo fẹ́ ta á lọ́rẹ,
mo ti fa ìlà ìka kẹrin.
"Má parọ́ mọ́ mi. Mẹ́ta ni."

Ibi tí ìka ò sí ló ṣòro jù láti yà.
Òru méje. Mẹ́fà wọ garawa ìdọ̀tí.
Ní ọjọ́ keje ó wò ó, ó wò ó,
ó ní, "Orúkọ dà?
Ọkọ̀ tí kò lórúkọ,
bó bá rì, ta ni wọn yóò sọ pé ó rì?"

"Mo" ni gbogbo wọn ń pè mí níbí.
Mo... mo kí ni?
Gbólóhùn tí kò parí,
ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dáhùn sí i.

Mo tẹ bírò mọ́lẹ̀. Mojíṣọlá.
Àmì sábẹ́ ṣ, àmì sábẹ́ ọ,
ó kù díẹ̀ kí ìwé lu.
Ẹni tí kò fojú kan oorun láti àná, òun ló jí.

Bó bá di àárọ̀, ọ̀gá á béèrè fọ́ọ̀mù Hallam.
Ó wà lára ògiri yàrá kẹfà.
Ọwọ́ ló kọjú síta.
Bó bá ń wá iye omi,
kó yí i padà fúnra rẹ̀.