Hóró Kan Ṣoṣo

Ṣọ́ọ̀kì tán nílé ẹ̀kọ́ wa láti ọjọ́ Ajé,
hóró kínúà ni mo fi kọ́ wọn.
Mo kọ lẹ́tà méjì sórí tábìlì, Li,
mo fi hóró kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Lítíọ́mù nìyí. Gbogbo ohun tó ní láti ná nìyẹn."
Atẹ́gùn Uyuni gba ojú fèrèsé wọlé,
ó gbé hóró náà lọ.
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fi òmíràn síbẹ̀.

Klorínì ní méje. Mo tò wọ́n yí i ká,
méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, méjì lósì,
ẹyọ kan lọ́tùn-ún tó ń wo ọ̀nà.
Ẹni tó ní méje ni ebi ń pa,
ẹni tó ní ẹyọ kan ló ń tú àpò.
Hóró kan ṣí kúrò níhìn-ín, ó di mẹ́jọ lọ́hùn-ún.
Ọ́síjìn ńkọ́? Mẹ́fà ló ní, méjì ló ń wá:
lítíọ́mù méjì ni yóò dìde fún un,
bí ẹbí tó ń dáwó ọkọ̀ fún ọmọ kan.

Ibi àmì ni wọ́n ti máa ń bá mi jà.
Ẹni tó fúnni, òun la fi àmì àròpọ̀ sí lórí;
ẹni tó gbà, òun la fún ní àyọkúrò.
"Tíṣà, ẹ ṣì í kọ," ni Casilda Huayta wí.
N kò ṣì í kọ. Gbèsè ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù,
àyọkúrò ló ń gbé rìn;
ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ lara ń fúyẹ́.
Ó dùn létí bí mo ṣe wí i,
àfi ìgbà tí mo rí ojú Rufino Copa.

Ìyá Rufino wà ní Calama, lódìkejì ààlà,
ó ń fọ aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn awakùsà.
Bàbá àgbà tó ń fi àáké gé iyọ̀ lọmọ ń bá gbé.
Ọlọ́mọ kan kúrò lágàn, a gbà;
kí wá ni orúkọ ọmọ
tí ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ?

Lálẹ́, mo ń máàkì ìwé ìdánwò nídìí àtùpà.
Ìbéèrè kẹrin: ya àwòrán lítíọ́mù klọ́ráìdì.
Ti Rufino: klorínì, hóró mẹ́jọ, àkámọ́, àyọkúrò. Ó pé.
Lítíọ́mù, àkámọ́, àròpọ̀. Ó pé.
Ṣùgbọ́n níbi tí hóró wà tẹ́lẹ̀
ó fi pẹ́ńsù ya òrùka kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.
Ìwé ìdáhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti La Paz
kò mọ òrùka.
Mo yọ máàkì kan. Mo dá a padà. Mo tún yọ ọ́.

Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀,
iyọ̀ ti la ètè rẹ̀.
Kò bèèrè máàkì. Fóònù ló nà sí mi:
"Tíṣà, ẹ bá mi ṣáàjì rẹ̀ ní ọ́fíìsì,
màmá mi máa pè ní agogo mẹ́rin."
Mo so ó mọ́ iná.
Lítíọ́mù ló wà nínú bátìrì yẹn,
bóyá láti inú adágún tiwa, bóyá láti ibòmíràn.
Bí a bá ń sọ̀rọ̀, hóró rẹ̀ á bọ́ sọ́nà,
á gba inú wáyà lọ;
bí a bá so ó mọ́ iná, hóró á padà wálé.
N kò tíì kọ́ wọn ní ìyẹn.
Kò sí nínú ìwé ọdún yìí.

Agogo mẹ́rin lù, ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá.
Rufino wà lórí bíríkì iyọ̀ lẹ́yìn kíláàsì,
ó dojú fóònù délẹ̀, ó tún ṣí i sókè.
Lábẹ́ fèrèsé, ẹyẹ kan ń ṣa kínúà àná.
N kò lé e.