Pijó Tó Ń Kú Lókè

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sẹ́jọ́.
Bó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Àrẹ̀mọ,
Pijó mi á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú.
Músẹ́fíù tú púlọ́ọ̀gì, ó fẹnu fọn kábùrétọ̀,
ó ní àfi ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ṣítù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ń mu gààrí tó kù nísàlẹ̀ abọ́.
"Epo ò tíì tán. Ẹ̀yìn ló sá sí."
Ó gbé ìdí abọ́ sókè,
ìyókù ṣàn wá bá ètè.

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Músẹ́fíù ló pọ̀ jù.

Mo yí mọ́tò padà, mo fẹ̀yìn gun òkè,
ará Bẹẹrẹ ń wò mí bí wèrè,
títí mo fi dé ilé epo.

Owó iṣẹ́ Ṣítù? Gààrí kóńgò kan.
Ó ní kí n má gbàgbé ẹ̀pà.