Ọ̀jọ̀jọ̀

Ẹ má ṣì mí gbọ́: ọ̀jọ̀jọ̀ ni mo pè,
n kò pe òjòjò.
Ọ̀kan là ń dín nínú òróró,
ọ̀kan ní í dáni gbálẹ̀.
Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ló dúró láàárín wọn.

Ọmọ mẹ́sàn-án ló kún ilé mi ní Ìsọ̀nà lásìkò ọlidé.
Mẹ́rin jẹ́ ọmọ àwọn ọmọ mi,
méjì jẹ́ ti àbúrò mi,
ẹni keje tẹ̀ lé ẹni kẹfà wá, kò padà lọ mọ́.
Àwọn méjì yòókù, n kò mọ ilé tí wọ́n ti wá.
Mo kàn ń bu oúnjẹ wọn ni.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń dàgbà:
ohùn rẹ̀ ń já bí okùn kànga,
ṣòkòtò tí mo rán fún un lọ́dún Àjíǹde
ti sá gun ojúgun.
Wọ́n á jẹ iyán ọ̀sán tán,
kí odó tó gbẹ, wọ́n ti ń ṣí ìkòkò wò:
“Màmá, kí la máa fi panu?”

Búrẹ́dì? Owó rẹ̀ ti ga ju òrùlé mi lọ.
Bisikíìtì? Wọ́n á mí sí i lásán, ó ti tán.
Ẹni tó bá fẹ́ fowó ra ìpanu fún ọmọ mẹ́sàn-án,
kó kọ́kọ́ ta ilé.

Mo ní, “Fadérera, gbé agolo wá.”
Agolo mílíìkì tí bàbá wọn àgbà fi ìṣó lu nídìí;
ihò rẹ̀ kò tò,
ọkọ mi kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà.
Ewùrà kan, ó tóbi tó orí Gbọ́tẹmi
(ó bínú, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín).
“Ẹ fi òróró pa ọwọ́ kó má baà yún yín.”
Ìbídàpọ̀, ọ̀gbẹ́ni mo-mọ̀-ọ́n-tán, kò gbọ́;
ó họ ọwọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

À ń rin ewùrà, à ń rín ẹ̀rín.
Ata rodo. Àlùbọ́sà. Iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè gbé.
Edé, bí owó bá wà;
bí kò bá sí, ẹ má dárúkọ edé.
Ẹ má fi omi sí i o! Ewùrà ní omi tirẹ̀.
Ẹ pò ó títí yóò fi máa fà bí ọ̀rọ̀ àwọn àna,
kẹ́ ẹ wá máa fi ìka já a sínú òróró gbígbóná.
Á pariwo, á dákẹ́,
á pọ́n bí erùpẹ̀ Iléṣà lẹ́yìn òjò.

Mo dín ogójì.
Mo yíjú lọ mú abọ́, mo bá mẹ́ta.
Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, wọ́n búra.
Ẹnu mẹ́sàn-án ń dán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìkejì dé, èyí tí kò ní àmì lábẹ́.
Òjòjò. Ibà mú mi so mọ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ilé dákẹ́.
Ilé ọmọ mẹ́sàn-án kì í dákẹ́ lásán;
ẹ̀rù bà mí ju ibà lọ.
Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró agolo,
kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀,
àti ohùn kan tó já: “Ó le jù. Fi omi díẹ̀ sí i.”
Mo fẹ́ kígbe. Ọ̀nà ọ̀fun ti dí.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí n kò mọ ilé wọn ló gbé abọ́ wọlé.
Méje. Wọ́n jóná lẹ́yìn, wọ́n tutù nínú,
wọ́n fẹ̀ pẹlẹbẹ bí etí.
Àwọn yòókù dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Mo wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
kò sí èyí tó ń dán.

Mo bù ú jẹ. Mo gbé e mì.
“Kí lorúkọ rẹ gan-an?”
“Túbọ̀sún, mà.”
“Túbọ̀sún, jókòó.
Ẹ fi omi sí i.”