Ogún Kíkà

Aago méjì òru. Sùwébátù lóṣòó ní Màrínà,
súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, nítorí òtútù ẹ̀rọ.
Ogún ni wọ́n pe yàrá àwọn akápò níbí;
ní Yábàá, kámẹ́rà ẹnu géètì náà ń jẹ́ ogún.
Ogún kíkà ni, kì í ṣe ogún jíjẹ:
orúkọ jọra, ẹ̀jẹ̀ ò pa wọ́n pọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ sára súwíìṣì:
ogún, máa jẹ́ ẹgbàárùn-ún ó lé ogún.
Ọ̀rọ̀ gbé ẹ̀wù wọ̀ lórí ẹ̀wù,
ó sọdá ọ̀sà,
ó bọ́ ti òkè sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Yábàá.

"Ó wọlé," Jayéọlá wí lórí fóònù, ó ń yán.

Kámẹ́rà ń wo géètì. Kò rí ẹnì kankan.