Ohun Tí Efúntóyè Aláró Sọ ní Kóòtù Aké

Efúntóyè lorúkọ mi. Ìtòkú ni mo ti ń rẹ aró.
Mi ò mọ ọjọ́ orí mi; ẹ kọ èyí tó bá wù yín.
Mo ti fẹnu kan irin. Ó tutù, ó ń rùn bí ẹ̀jẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ Ṣógúnlé tó kú.
Ta ni ò mọ̀ ọ́n láti Láfẹ́nwá dé Ìjẹmọ̀?
Òun ló ń wọn èkùrọ́ fún òyìnbó létí rélùwéè.
Òṣùwọ̀n rẹ̀ a máa tòògbé nígbà tí ẹrù wa bá wúwo.
Mi ò sọ̀rọ̀ òkú láìdáa o. Òṣùwọ̀n ni mo ń sọ.

Òru ọjọ́ náà? Òjò ò rọ̀.
Ẹ má kọ ọ́ pé àpáta yọ̀.
Àpáta ẹ̀yìnkùlé wa gbẹ bí ahọ́n onígbèsè,
mo mọ̀, torí mo sá aṣọ méjìlá lé e lọ́sàn-án.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn méjì tó ń gòkè,
ọ̀kan wọ bàtà.
Lẹ́yìn náà ni nǹkan já,
kì í ṣe bí igi, kì í ṣe bí òkúta,
bí ìgbà tí wọ́n ju aṣọ tó mu omi yó mọ́lẹ̀.
Ẹsẹ̀ ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀.
Kò wọ bàtà.

Rárá, mi ò jáde. Opó ni mí.

Ògbufọ̀, rọra.
Ò ń gé ọ̀rọ̀ mi bí ìyálé tó ń gé ẹran fọ́mọ orogún.

Ilẹ̀ mọ́, àwa obìnrin la kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀.
Ó dojú bolẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́bọ̀ tó jábọ́.
Èmi ni mo yí i padà, èmi ni mo pa á lójú dé.
Mo rí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀wù funfun.
Ìka mẹ́rin níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.
Mi ò lè pè é ní ẹrẹ̀. Aró ni.

Ẹ ní aláró mélòó ló wà ní Ìtòkú?
Ẹ lọ ka ẹyẹ ẹ̀gà.
Ìyá mi kú pẹ̀lú aró lábẹ́ èékánná;
a fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́,
bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín.

Ọmọ mi? Àwẹ̀ró.
Ó ń ṣe ìwọ̀fà nílé Ṣógúnlé látorí pọ́n-ùn méjì.
Ó sá wálé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ò tíì bi mí léyìí,
mo sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni, kò wọ bàtà. Ìwọ̀fà wo ló ń wọ bàtà?
Ṣùgbọ́n ẹ pè é wá, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.
Oṣù méje kò kan aró.
Ọwọ́ yẹn ti mọ́ bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

Ó tán.
Ẹ ní kí n tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀.
Akọ̀wé, dá tàdáwà rẹ padà sípò.
Bébà dà?