Lẹ́yìn Quyên, ní Òpópónà Bellaire

Mo ní n ò ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé,
àpá tó wà lórúnkún mi ni ẹlẹ́rìí.
Quyên kàn na akoto sí mi:
"A ò tíì jẹun láti àná."

Houston ń làágùn. Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ òru lọ́rùn
a yọ́ gba àárín ọkọ̀,
a yà nídìí búrẹ́dì gígùn, ata rẹ̀ fa ikun jáde nímú mi;
a yà nídìí kọfí tí ń kán tó, tó, tó,
bíi dírípù tí a fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ìyá arúgbó kan
gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀.
Mo fi ṣíbí tú u wò: ṣàkì!
Ewé tó já sí i ńkọ́? Efinrin.

Ta ló sọ fún ọ, ìyá,
pé inú ti ń run mí láti ọjọ́ tí mo ti dé?
Kò gbọ́ Yorùbá.
Ó tún já ewé sí i.